Adìyẹ àti Ìrẹsì Inú Àwo Kan fún Oúnjẹ Alẹ́

Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù, ó sì jẹ́ Ọjọ́rú, kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ ti tú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá sórí tábìlì. Ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, bàbá wọn sì ń ṣí ìdérí ìkòkò tó ṣófo wò. Kí ni wọ́n máa jẹ lálẹ́ yìí? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, búrẹ́dì àti tíì ló máa ń gbẹ̀yìn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tàbí núdù tí àwọn ọmọ fúnra wọn sè, tí oníkálukú á sì gbé àwo tirẹ̀ lọ jókòó síbi tó wù ú. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó ti rẹ̀ kò lágbára àtigún iyán.

Àmọ́ oúnjẹ kan wà tó dà bíi pé nítorí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é. A ó to ìrẹsì, ẹ̀fọ́ àti adìyẹ sínú àwo jíjìn kan ṣoṣo, a ó da ọbẹ̀ funfun tó ki sí i, a ó bò ó pinpin, a ó sì gbé e sínú ófùn. Casserole ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nídìí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25 lọ. Ooru ló máa ṣe ìyókù, ní nǹkan bíi wákàtí kan lé díẹ̀ tí ẹnì kankan kò ní dúró ti iná, tí kò sì sí ohun tí a ń rò. Láàárín àkókò yẹn, ìyá lè jókòó ti ọmọ tí ìṣirò ń dà láàmú, bàbá lè gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á bu oúnjẹ látinú àwo kan náà, nídìí tábìlì kan náà. Ní tiwa o, àkókò yẹn ló jẹ́ ká fẹ́ràn oúnjẹ yìí, ju adùn rẹ̀ pàápàá lọ.

Ìṣòro kan wà ṣá. Adìyẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìrẹsì wọn, àti ọbẹ̀ inú agolo tó kún inú ìsọ̀ wọn ni àwọn tó kọ ọ̀pọ̀ jù lọ ìlànà rẹ̀ ní lọ́kàn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìlànà náà láìyẹsẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin lè ṣí àwo ní agogo mẹ́jọ alẹ́, kó bá adìyẹ tó ń fà bíi rọ́bà àti ìrẹsì tó ṣì le nínú, nígbà tí ebi ti ń pa àwọn ọmọ débi ẹkún. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ ṣàlàyé bí oúnjẹ náà ṣe ń jinná, dípò ká kàn sọ iye ṣíbí iyọ̀ tó ń lọ síbẹ̀.

Ibi Tó Ti Wá

Lédè Faransé, ìkòkò ìdáná fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà casserole ń tọ́ka sí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi pe ẹran àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbé sínú ófùn nínú ìkòkò oníderí, tí wọ́n sì rọra sè pẹ́ títí. Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Ìrẹsì, ọ̀dùnkún tàbí makaróònì máa ń wà nínú àwo náà pẹ̀lú ẹran, ọbẹ̀ tó ki á so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tó yan gbẹ, tó ń dún lẹ́nu, á sì wà lórí rẹ̀. Irú ti Amẹ́ríkà yìí ni a ní lọ́kàn.

Nígbà ọ̀dá owó tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1929, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà ń wá ọ̀nà tí ẹran díẹ̀ á fi yó èèyàn púpọ̀. Lọ́dún 1930, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nínú ìjọ Grace Lutheran ní ìlú Mankato, ìpínlẹ̀ Minnesota, tẹ ìwé oúnjẹ kan jáde. Inú rẹ̀ ni ọ̀kan lára àwọn ìlànà tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ fún irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wà. Hotdish ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní, ìyẹn àwo gbígbóná. Nígbà tó di ọdún 1934, ilé iṣẹ́ Campbell bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọbẹ̀ olú funfun inú agolo. Kò pẹ́ tí àwọn ìyàwó ilé fi rí i pé agolo kan ṣoṣo lè rọ́pò ọbẹ̀ tí wọ́n ì bá fi ìyẹ̀fun àti mílíìkì rò fúnra wọn. Agolo yìí wá pọ̀ nínú oúnjẹ àwọn ìjọ Minnesota débi tí wọ́n fi ń fi ṣẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní àlẹ̀mọ́ àwọn ọmọ ìjọ Luther.

Kì í ṣe nínú ilé nìkan ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n máa ń gbé e lọ sí gbọ̀ngàn abẹ́ ilé ìjọsìn, sí ilé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àti sí ilé ọ̀fọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Utah, irú èyí tí wọ́n ń fi ọ̀dùnkún ṣe wọ́pọ̀ níbi ìsìnkú débi tí orúkọ rẹ̀ fi di ọ̀dùnkún ìsìnkú. Orúkọ náà lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí àwọn aládùúgbò ṣe ń gbé kúlà oúnjẹ wá fún ìyá ọmọ tuntun nílẹ̀ wa kò ní béèrè ìdí. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá kò lójú kò ní lọ dáná, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ jẹun.

Irú Adìyẹ Wo Ló Wà Lọ́wọ́ Yín?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Adìyẹ bírọ́là tí wọ́n ń tà nílùú Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston kì í sábà pé oṣù méjì kí wọ́n tó pa á. Ẹran rẹ̀ rọ̀, ó ní ọ̀rá díẹ̀ lábẹ́ awọ, wákàtí kan nínú ófùn sì ti tó o. Bírọ́là wà ní Nàìjíríà náà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ adìyẹ ààyè tí wọ́n ń tà lọ́jà wa ni adìyẹ ẹlẹ́yin tó ti yé ẹyin fún nǹkan bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí olóko wá ń tà kúrò nílẹ̀. Ẹran ara adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri àgbàlá náà kì í rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ràn adìyẹ líle torí pé kì í fọ́ nínú ọbẹ̀, eyín sì máa ń rí iṣẹ́ ṣe. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé, bí adìyẹ líle bá wọ ófùn ní tútù, ìrẹsì á ti di ògì kí ẹran tó rọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n bí ẹni tó tà á kò bá sọ òótọ́? Ẹ fi ìka tẹ ṣóńṣó egungun igẹ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Bó bá ń tẹ̀ wọ́nwọ́n bí etí ènìyàn, ọmọdé adìyẹ ni. Bó bá le gbagidi, àgbà ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ìpẹ́ ẹsẹ̀ àgbà adìyẹ máa ń nípọn, ó sì máa ń rí gbàgàlà-gbagala.

Ẹ má ṣe torí pé adìyẹ yín le kẹ́ ẹ pa oúnjẹ yìí tì. Lọ́jọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ Ìsinmi, ẹ gé e, kẹ́ ẹ sì bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, iyọ̀, táìmù àti ata díẹ̀ fún wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀, títí ẹran á fi máa ṣí kúrò lára egungun. Ẹ ya ẹran náà sí wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí òun àti omi rẹ̀ tètè tutù kẹ́ ẹ tó gbé wọn sínú fírísà nínú ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kẹ́ ẹ gbé wọn bọ́ sínú fíríìjì ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Kódà, bí ẹnì kan bá bi wá léèrè, a ó sọ pé adìyẹ àgbà ló dára jù fún oúnjẹ yìí, torí omi rẹ̀. Omi bírọ́là kò dùn tó o.

Bó bá jẹ́ bírọ́là lẹ fẹ́ lò, itan ni kẹ́ ẹ mú, pẹ̀lú egungun àti awọ rẹ̀. Igẹ̀ máa ń gbẹ tó bá pẹ́ nínú ooru.

Bí A Ṣe Ń Sè É

Ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí á tó èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ife tó ń gba nǹkan bí 240 mílílítà ni a fi wọn gbogbo rẹ̀, àwo náà sì gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33, ó fẹ̀ tó 23. Ẹ wá itan adìyẹ 6, èyí tó máa tó kílógíráàmù kan. Ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó bó o, irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ife 1½. Àlùbọ́sà ńlá kan, kárọ́ọ̀tì 2, ẹ̀wà tútù ẹ̀kúnwọ́ kan, àti ata rodo kan bí àwọn ọmọ kò bá ní bínú sí i. Bọ́tà ṣíbí ìjẹun 3, ìyẹ̀fun ṣíbí ìjẹun 3, omi ẹran gbígbóná ife 3½, àti mílíìkì alágolo tí kò ní ṣúgà, ìdajì ife. Táìmù, iyọ̀ àti kúúbù amọ́bẹ̀dùn kan. Fún orí rẹ̀, ẹ̀rún búrẹ́dì gbígbẹ ife kan, wàràkàṣì díẹ̀ bó bá wà, àti bọ́tà yíyọ́ ṣíbí 2. Búrẹ́dì Agége tó ti di ti àná dára gan-an fún èyí.

Ẹ tan ófùn sí ìwọ̀n 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn 350 lórí ti Fahrenheit. Ẹ fi bọ́tà pa inú àwo. Ẹ ṣan ìrẹsì títí omi rẹ̀ á fi mọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹ sínú àwo náà. Ẹ fọ́n kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀wà tútù tẹ́ ẹ ti gé wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀.

Ẹ fi iyọ̀ àti táìmù ra itan adìyẹ, kẹ́ ẹ wá dojú awọ rẹ̀ dé inú páànù gbígbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, kó lè ní àwọ̀. Kò tíì jinná o. Ẹ kó o jáde sínú àwo kan. Nínú ọ̀rá tó kù sínú páànù yẹn, ẹ dín àlùbọ́sà àti ata, ẹ fi bọ́tà sí i, kẹ́ ẹ wá fọ́n ìyẹ̀fun sí i, kẹ́ ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì títí òórùn ìyẹ̀fun tútù á fi lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kó pọ́n. Ẹ wá rọra máa da ife kan lára omi ẹran náà sí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa rò ó lọ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ da mílíìkì sí i. Ó yẹ kó ki bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fi kúúbù àti ife 2½ omi ẹran tó kù sí i. Á ṣàn dáadáa báyìí. Ẹ má fòyà, ìrẹsì ló máa mu ún.

Ẹ dà á sórí ìrẹsì nígbà tó ṣì ń hó, ẹ to adìyẹ sí i, kí awọ dojú kọ òkè, kẹ́ ẹ sì fi fọ́ìlì onílọ̀ọ́po méjì bo àwo náà, kẹ́ ẹ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí ká. Ẹ gbé e sí àárín ófùn fún ìṣẹ́jú 50, kẹ́ ẹ má sì ṣí i wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fọ́ìlì kúrò, ẹ fọ́n ẹ̀rún búrẹ́dì tẹ́ ẹ ti pò mọ́ bọ́tà yíyọ́ àti wàràkàṣì sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 títí á fi pọ́n. Tó bá jáde, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 10. Ìrẹsì á mu ọbẹ̀ tó kù, ahọ́n àwọn ọmọ kò sì ní bó.

Bó bá jẹ́ adìyẹ tí ẹ ti bọ̀ sílẹ̀ lẹ fẹ́ lò, ẹ da ẹran náà pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ nínú páànù kó lè gbóná kó tó wọ àwo. Ìrẹsì nìkan lẹ ń dúró dè nígbà náà. Ìṣẹ́jú 40 sí 45 lábẹ́ fọ́ìlì á tó o. Àwọn tó ń gbé lókè òkun lè fi agolo ọbẹ̀ olú funfun kan, tó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 300, rọ́pò bọ́tà, ìyẹ̀fun àti mílíìkì. Àmọ́ kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n má sì fi kúúbù sí i, torí iyọ̀ ti pọ̀ nínú agolo yẹn.

Bó Bá Kọ̀ Tí Kò Jinná

Ohun mẹ́ta ló máa ń jẹ́ kí ìrẹsì le. Ó lè jẹ́ pé fọ́ìlì kò lẹ̀ mọ́ etí àwo, tí ooru omi fi ń sá jáde. Ó lè jẹ́ pé omi tútù lẹ dà sí i, tí ófùn fi ní láti kọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú 20 láti mú un hó. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ ń ṣí i wò. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ wọ́n ìdajì ife omi gbígbóná sí i, kẹ́ ẹ tún un bò fún ìṣẹ́jú 10 sí i. Bó bá sì jẹ́ pé ófùn onígáàsì tí iná rẹ̀ ń wá láti ìsàlẹ̀ nìkan lẹ ní, ẹ fi páálí irin pẹlẹbẹ sábẹ́ àwo náà kí ìdí oúnjẹ má bàa jó.

Tí kò bá sí ófùn ńkọ́? Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn lè ṣe é. Ẹ to gbogbo rẹ̀ bákan náà, ẹ fi fọ́ìlì sábẹ́ ìdérí, kẹ́ ẹ jẹ́ kó hó lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá dín iná kù pátápátá fún ìṣẹ́jú 35 sí 40. Ẹ yan ẹ̀rún búrẹ́dì lọ́tọ̀ nínú páànù, kẹ́ ẹ fọ́n ọn sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń bù ú. Ìdí ìkòkò lè jó díẹ̀, àwọn kan nínú ilé sì máa ń jà lórí ibi tó jó yẹn.

Ohun Tí Kò Yẹ Ká Fi Ṣeré

Adìyẹ tútù máa ń gbé kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí, pàápàá Campylobacter àti Salmonella. Ìyá wa kọ́ wa láti fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ adìyẹ dáadáa, ìmọ́tótó ló sì wà lọ́kàn wọn. Àmọ́ lóṣù June 2014, Food Standards Agency, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rọ àwọn aráàlú pé kí wọ́n má ṣe máa fọ adìyẹ tútù mọ́. Ohun tó fà á ni pé omi tó ń ta kiri ló ń gbé kòkòrò náà dé orí àwo, aṣọ ìnuwọ́ àti ẹ̀fọ́ tí a kò ní sè. Ooru ló ń pa á, omi kò lè pa á. Bí ìyẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára rẹ̀ tí ẹ kò lè ṣaláì fọ̀ ọ́, ẹ rọra ṣe é nínú abọ́ jíjìn láìjẹ́ kí omi ta, kẹ́ ẹ sì fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ abọ́, pákó àti ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan míì.

Adìyẹ ti jinná tí inú rẹ̀ bá gbóná tó ìwọ̀n 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin tó ń wọn ooru ẹran kò wọ́n, ó sì tó ohun tí a lè rà. Tí kò bá sí, ẹ fi ọ̀bẹ gún ibi tó nípọn jù nítòsí egungun. Omi tó mọ́ ló yẹ kó jáde, ẹran ibẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ pupa rọ̀kìrọ̀kì. Àmì yìí kò dájú tó irin yẹn, torí náà tí iyèméjì bá wà, ẹ dá a padà sínú ooru.

Bí iná bá lọ, fíríìjì tí a kò ṣí lè mú ẹran tutù fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Fírísà tó kún lè ṣe é fún nǹkan bíi wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì á ṣe é fún 24. Adìyẹ tó ti yọ́, tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kọjá wákàtí méjì, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, bí kò tilẹ̀ tíì máa rùn. Owó rẹ̀ á dun yín, a mọ̀. Owó ilé ìwòsàn ọmọ ọdún mẹ́ta ń dunni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìrẹsì náà ní tirẹ̀. Irúgbìn kòkòrò kan tó ń jẹ́ Bacillus cereus kì í kú nínú omi tó ń hó, tí ìrẹsì bá sì wà nílẹ̀ di ọjọ́ kejì, á pọ̀ sí i, á sì tu májèlé tí ooru kò lè pa. Torí náà, ẹ má ṣe fi èyí tó kù sínú ófùn di àárọ̀. Ẹ bù ú sínú ike pẹlẹbẹ kó lè tètè tutù, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí kan tó pé, kẹ́ ẹ sì jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tó bá ti gbóná dénú.

Tẹ́ ẹ Bá Fẹ́ Gbé E fún Ẹlòmíì

Kò gba iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe àwo méjì nígbà tí ófùn bá ti gbóná. Fún ìyá ọmọ tuntun tàbí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹ se é nínú abọ́ fọ́ìlì tí wọ́n ń tà lọ́jà, kí ẹni náà má bàa ní abọ́ tó máa fọ̀ tàbí tó máa dá padà. Ẹ fi aṣọ ìnura nínípọn wé e, ẹ gbé e sínú kúlà, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ ní gbígbóná. Kí ata rẹ̀ má pọ̀. Ẹ sọ fún un pé mílíìkì àti ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀, torí àwọn kan wà tí ara wọn kì í gba ọ̀kan tàbí èkejì. Bó bá sì jẹ́ àwo ilé yín lẹ fẹ́ lò, ẹ ṣe bí àwọn obìnrin ìjọ ní Amẹ́ríkà ṣe máa ń ṣe: ẹ kọ orúkọ yín sára téèpù, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí àwo náà, kó lè mọ ọ̀nà ilé.